Ẹ̀kọ́ Nípa Ọpọlọ àti Ìwà Ẹ̀dá: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níbi Ìfilọ́lẹ̀ Owó Ìrànlọ́wọ́ Ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́ Wa

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ mú ìwé wá fún wa pé kí á wá sọ̀rọ̀ níbi ìfilọ́lẹ̀ yìí, a rò pé ó ṣi ilé kàn ni. Ìwé mẹ́fà ni àwa kà. Aṣọ ni à ń tà. Àwọn tí ó kàwé jù wá lọ kún inú ẹgbẹ́ yìí bí omi. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ní kí á wá sọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí ọmọ wa lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní saikọ́lọ́jì ní yunifásítì. Ìdí rẹ̀ ni pé owó tí a fẹ́ kó jọ lónìí, owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ni, àríyànjiyàn sì ti wà nínú ìgbìmọ̀ nípa irú ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí á ná an lé lórí. Àwọn kan ní ọmọ tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà tàbí akáńtì nìkan ni kí á fún. Àwa náà ti wà nínú àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ rí. A kò sí nínú wọn mọ́. Ohun tí ó yí wa lọ́kàn padà ni a wá rò fún yín.

Ọmọbìnrin wa kẹta ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Nígbà tí ó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB, àwa ni a ní kí ó kọ iṣẹ́ dókítà sí i. Máàkì rẹ̀ kò tó o. Yunifásítì ní kí ó wá kọ́ saikọ́lọ́jì. A ní kí ó jókòó sílé, kí ó tún ìdánwò ṣe lọ́dún tí ó ń bọ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, mo ti ka ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Èyí gan-an ni mo fẹ́.” Ìyá rẹ̀ bá a bẹ̀ wá. A san owó náà, ṣùgbọ́n inú wa kò dùn sí i.

Ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́ lónìí. Fún ọdún méjì gbáko, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá lọ́jà tàbí ní ìpàdé pé kí ni ọmọ wa ń kọ́, a ó ní dókítà ni. Irọ́ ni a pa. Ohun tí ó fà á ni pé a rò pé ẹ̀kọ́ nípa wèrè ni saikọ́lọ́jì, a sì ń sọ nínú ara wa pé ta ni yóò wá fẹ́ ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mọ́ wèrè? Ọmọ náà mọ̀ pé a ń purọ́ lórí òun. Kò sọ ọ́ sí wa létí títí di ọjọ́ tí ó parí.

Ní ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì fi oṣù mẹ́jọ yan iṣẹ́ lódì. Gbogbo ọmọ wa ló wà nílé. Nínú oṣù wọ̀nyẹn ni àìsàn kọlu ìyá wa. Wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá ọ̀tún kò gbéra, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbéra, ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ náà ń pariwo pé ọsibítù, ọsibítù, kíá. Àwa ní kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi kiri kí a tó gbé ìyá dé ọsibítù. Rọpárọsẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan nínú ọpọlọ. A kò rí ẹni tí a ó di ẹ̀bi ọjọ́ mẹ́ta yẹn rù ju ara wa lọ.

Nígbà tí wọ́n dá wọn padà sílé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù lẹ́nu wọn. “Wá” ni. Bí wọ́n bá fẹ́ omi, wọn a ní “wá.” Bí ara bá ń ro wọ́n, wọn a ní “wá, wá.” Gbogbo wa gbà pé iyè wọn ti lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa wá láti Ogbómọ̀ṣọ́. Ojú ìyá, ní yàrá tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, ni a jókòó sí tí a ń jíròrò ibi tí a ó sin wọ́n sí. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ gbogbo àwa tí a wà nídàálẹ̀ ni. Àwọn kan ní ilé ni kí á gbé wọn lọ kí ọlọ́jọ́ tó dé, pé ọ̀nà ti jìn, owó ọkọ̀ sì ti wọ́n. Àwọn kan ní ibí ni. Ohùn ròkè. Omijé ń bọ́ lójú ìyá, a sì ní àìsàn ló ń fà á.

Ọmọ wa wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi. Màmá àgbà ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Ọ̀rọ̀ ni kò lè jáde lẹ́nu wọn, kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ ọ.” Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní kí ó jáde. Kò jáde. Ó di ọwọ́ òsì ìyá mú, ọwọ́ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ní, “Màmá, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún mi lọ́wọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí bàbá mi?” Ẹ̀ẹ̀kan. “Ṣé Kánò la wà yìí?” Ẹ̀ẹ̀mejì. “Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sílé?” Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tún un bi, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni. “Ṣé ọ̀dọ̀ wa níbí lẹ fẹ́ wà?” Ìyá fún ọwọ́ ọmọ náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì jù ú sílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, kò sí ẹni tí ó lè gbójú sókè nínú yàrá náà. A ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pín ogún ẹni tí ó wà láàyè lójú ara rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a tó pe ọmọ náà jókòó, tí a ní kí ó sọ fún wa ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ó ní ní ọdún 1861, ní ilẹ̀ Faransé, oníṣègùn kan wà tí ń jẹ́ Paul Broca. Ọkùnrin kan wà ní ọsibítù tí wọ́n ń pè ní Bicêtre, Leborgne ni orúkọ rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí ọkùnrin náà ti wà níbẹ̀ tí kò lè sọ ju “tan” lọ. “Tan, tan” ni ìdáhùn rẹ̀ sí ohun gbogbo, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í pè é. Síbẹ̀ ó ń gbọ́ ohun tí a bá bá a sọ. Nígbà tí ó kú, Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé apá òsì níwájú ni ó bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé ibi tí ó ń ràn wá lọ́wọ́ láti to ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu lè bàjẹ́, kí èyí tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yé má bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ apá òsì ni ó sì ń darí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí méjèèjì fi bá ìyá wa pọ̀.

Ó tún ní ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè sọ̀rọ̀, ó lè kọ orin tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. A kò gbà á gbọ́. Ó gbé orin kan tí ìyá máa ń kọ bí wọ́n bá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ìyá gbè é. Ọ̀rọ̀ orin náà jáde lẹ́nu tí kò lè sọ pé “ẹ fún mi lómi.” Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti ń fi orin kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá kò sọ̀rọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sùn lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lè pe orúkọ mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ilé. Níbí ni a sin wọ́n sí, bí wọ́n ti fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín wà níbi tí àwa wà tẹ́lẹ̀. Saikọ́lọ́jì kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa wèrè. Bí ènìyàn ṣe ń rí nǹkan, bí ó ṣe ń gbọ́, bí ó ṣe ń rántí, bí ó ṣe ń gbàgbé, bí ẹ̀rù ṣe ń bà á, bí ọmọdé ṣe ń gbọ́n sí i, àti ohun tí ó ń mú ènìyàn hùwà bí ó ṣe ń hù ú, ni wọ́n ń kọ́. Àwa ọlọ́jà ń fojú ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Oníbàárà tí ó fọwọ́ kan aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta tí ó sì ń bú u, a mọ̀ pé yóò rà á. Ìyàtọ̀ ni pé wọn kì í fi mọ sí àfojúdá. Wọ́n a dán an wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n a kà á, wọ́n a ṣe ìṣirò rẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 1879 ni Wilhelm Wundt dá ilé àyẹ̀wò irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Leipzig ní Jámánì, láti ìgbà náà ni ó ti di ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró.

Ẹ̀ka kan sì wà tí ó ń wo bí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí, cognitive neuroscience ni wọ́n ń pè é. Ọpọlọ ènìyàn kò wúwo ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn fọ́nrán ẹ̀mí inú rẹ̀ tí ń ránṣẹ́ sí ara wọn tó bílíọ̀nù 86. Láti bí ọdún 1990 sí 1992 ni wọ́n ti ní ẹ̀rọ tí ó lè fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ nínú ọpọlọ hàn bí ènìyàn ti ń ronú, láìfi abẹ kàn án.

Ọmọ náà sọ ìtàn méjì mìíràn fún wa tí a kò gbàgbé. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1953, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Molaison, ẹni ọdún 27, nítorí wárápá. Wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀ lápá méjèèjì. Wárápá náà dínkù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí ó fi kú ní 2008, kò lè fi ohun tuntun sórí mọ́. Ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ di àlejò sí i lọ́sàn-án. Síbẹ̀, nígbà tí obìnrin onímọ̀ kan, Brenda Milner, kọ́ ọ láti máa fa ìlà yí àwòrán ìràwọ̀ ká, tí ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú dígí, ọwọ́ rẹ̀ ń já fáfá sí i lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé òun ti ṣe é rí. Èyí fi hàn pé ibi tí orí ń tọ́jú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yàtọ̀ sí ibi tí ó ń tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ sí. Ṣé ẹ rí ìyá arúgbó tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí yóò wé gèlè kó dúró dáadáa?

Ìkejì ni ti àwọn awakọ̀ takisí ìlú London. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpópónà sórí kí ìjọba tó fún wọn níwèé àṣẹ. Ní ọdún 2000, Eleanor Maguire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé apá ibi tí ọpọlọ fi ń mọ ọ̀nà tóbi lára wọn ju ti ẹlòmíràn lọ, ó sì ń tóbi sí i bí ọdún tí wọ́n fi wakọ̀ ti ń pọ̀ tó. Kì í ṣe àgbà ni ẹ̀kọ́ ń parí sí, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́.

Bóyá ẹnìkan ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Rárá o. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Thomas Adéoyè Lambo tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tuntun ní Aró, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954. Kò ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí Aró ká, kí ẹbí kan sì bá aláìsàn wá láti máa tọ́jú rẹ̀. Wọn a gba oògùn lọ́sibítù láàárọ̀, wọn a wà láàárín ènìyàn lọ́sàn-án. Ó tún bá àwọn onísègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì tún di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Dókítà ni Lambo, irú wọn ló ń fúnni lóògùn. Ẹni tí ó kọ́ saikọ́lọ́jì kì í fúnni lóògùn. Àyẹ̀wò, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó ń gbé ara wọn lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn bá àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti ọdún 1992. Àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n ń lọ, láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá bi àwọn arúgbó tí ó ti lé ní ọdún 65 ní ìbéèrè nípa ìrántí, ìbéèrè tí ẹni tí kò kàwé lè dáhùn. Wọ́n ń ṣe bákan náà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà. Ní 2001 wọ́n sọ àbájáde rẹ̀: nínú 1,000 arúgbó, bí 14 ni àrùn ìgbàgbé tuntun ń mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn, ní Indianapolis, bí 32 ni. Ẹ wò ó, ohun tí ayé ń wá, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àti bàbá Ìdíkàn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Bí ọmọ wa kò bá kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ta ni yóò bi àwọn àgbà wa léèrè ní èdè wọn? Ta ni yóò sì sọ fún ará àdúgbò pé ìyá tí ń sọ ìsọkúsọ kì í ṣe àjẹ́, pé àìsàn ni?

Ọ̀rọ̀ ìlú wa níbí náà wà ńbẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. A mọ ọdún 2002 tí ọjà ńlá wa jóná. A tún ilé kọ́, a tún ọjà rà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí kò lè sùn, tí wọ́n ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún, tí ìwé kò wọ orí wọn mọ́, kí ni a ṣe fún wọn? A nà wọ́n pé wọ́n ń ṣe ọ̀lẹ. Lónìí a gbọ́ pé ẹ̀rù tí ó bá ọmọdé bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ lára rẹ̀, àti pé ọ̀nà wà láti fi ràn án lọ́wọ́. Àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni ó mọ ọ̀nà náà. Ìjọba pàápàá ti ń jí sí i. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó pe aláìsàn ní wèrè lásán.

A kò ní tan yín jẹ. Ọ̀nà náà kò rọ̀. Ọdún mẹ́rin ni ti àkọ́kọ́, ìṣirò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó ń sá fún ìṣirò kò ní gbádùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ tún lọ kàwé sí i lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Iṣẹ́ kò sí nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ọmọ tiwa ti parí, ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀, ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó ti ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, owó tí wọ́n ń san kò tó nǹkan, ó sì ń kó owó jọ díẹ̀díẹ̀ láti padà lọ kàwé sí i. Bí a bá fi owó díwọ̀n rẹ̀, ẹlòmíràn lè ní àdánù ni. Àwa tí a gbọ́ orin lẹ́nu ìyá wa kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Èkínní, kí ìgbìmọ̀ owó ẹ̀kọ́ má ṣe fi orúkọ iṣẹ́ yọ ọmọ kankan sílẹ̀; ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí wọ́n wo bí ọmọ náà ti múra sí ìwé tó, àti bí òbí rẹ̀ ti lágbára tó. Yunifásítì ìlú wa níbí ní ẹ̀ka saikọ́lọ́jì, Ìbàdàn ní, Èkó ní, Nsukka náà ní. Ọmọ tí ó bá wọlé sí èyíkéyìí nínú wọn, kí á ràn án lọ́wọ́ bí a ti ń ran àwọn yòókù. Èkejì, kí ẹ̀yin òbí má ṣe purọ́ lórí iṣẹ́ tí ọmọ yín ń kọ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń fi pamọ́, ó mọ̀. Ẹ̀kẹta, bí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan kò bá gbéra lára ẹnikẹ́ni nílé yín, ọsibítù ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ, ní wákàtí náà gan-an. Bí ẹ bá sì dé ilé, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, bí kò tilẹ̀ lè dá yín lóhùn.

Ní tiwa, a ti kọ owó tí a mú wá sínú ìwé fún akápò. Ní orúkọ ìyá wa ni a fi san án, fún ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ọpọlọ àti ìwà ẹ̀dá, ìbáà ṣe ọmọ ta ni. Àwọn àgbà wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọmọdé gbọ́n nílé wa lọ́jọ́ náà. Àgbà ni ó pẹ́ kí ó tó gbọ́n.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ dìde, ẹ dáwó. Ọlọ́run yóò bùkún àpò tí ó bá ṣí lónìí. Àwọn ọmọ wa yóò kàwé, wọn yóò rí iṣẹ́, orí wọn yóò pé. Ìlú Jos yóò tòrò fún onílé fún àlejò. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú ká. A ó tún pàdé láyọ̀ lọ́dún tí ó ń bọ̀, kò ní dín ẹnì kan. Àṣẹ.